Ẹ Dárúkọ Gbogbo Ilé Tí Òjé Náà Wọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹ kú ojú omi, ẹ kú ìfaradà ìgbì tó ń jẹ ilẹ̀ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Délé, mo dọ̀bálẹ̀. Bí n kò bá pẹ́ nílẹ̀, orúnkún ni, kì í ṣe ìgbéraga. Ọmọ́niyì àbúrò mi, mo kí ọ. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ ń yan ẹja nínú èéfín, ẹ kú iṣẹ́. Mojísọ́lá, àkọ́bí mi, mo kí ọ. Tósìn ọmọ Mojísọ́lá, bàbá àgbà rẹ kí ọ.

Ìbídùn ìyàwó mi kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ní ìgbà òjò. Òjé tí òkun bì sí etíkun wa ló pa á. Gbogbo yín mọ èyí. Ohun tí ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ni pé òjé náà kò dúró ní ilé tèmi nìkan. Òun ni mo fẹ́ sọ lónìí. Mo fẹ́ kí ẹ ka lẹ́tà yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, kí ẹ sì kà á ní èbúté níbi tí àwọn èrò ti ń dúró de ọkọ̀. Mo ti ní kí ẹni tó ń bá mi kọ ọ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn, kí ẹ má baà rí i gbé pamọ́.

Èmi kò mọ̀wé, ẹ mọ̀. Màmá Ẹ̀mílì, aránṣọ ọmọ Kétu tí a jọ ń gbé ọgbà kan ní Kọ̀tọ̀nù níbí, ló ń kọ ohun tí mo bá sọ. Ó ní ẹnu mi mú bí ìwọ̀, ṣé n kò lè fi òróró díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà ni. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe jáde. Bí òróró bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi dín àkàrà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń kọ ọ́ lọ.

Ara mi le díẹ̀. Iṣẹ́ wà. Mo ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ àtíbàbà kan ní etí òkun, fún àwọn Pòpó àti fún àwọn ọmọ Ìlàjẹ tiwa tó ti ń gbé ibí pẹ́. Ojú mi kò ríran bíi ti àtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ìka mi ṣì mọ ibi tí okùn ti já. Ọyẹ́ ti dé. Láàárọ̀, ojú òkun a funfun bí ẹni pé wọ́n da eérú sí i, ètè wa a sì là. Ọjọ́ mìíràn wà tí n kò ní gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bàbá Náíjíríà ni wọ́n ń pè mí. Kò burú. Ó sàn ju Bàbá Olójé tí wọ́n ń pè mí ní ilé kí n tó kúrò. Owó tí mo fi rán ọlọ́kọ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ fi tún afárá pákó iwájú ilé ṣe kí ọmọdé má baà já sínú omi.

Nǹkan kan wà tí wọ́n fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé òjé wá pé kí n so ó mọ́ ìsàlẹ̀ àwọ̀n, mo máa bi í léèrè ibi tó ti rí i, ẹni tó tà á fún un, àti ohun tó jẹ́ kí wọ́n tó yọ́ ọ. Wọ́n ní mo ti di aṣọ́bodè, pé kí n kúkú wọ yunifọ́ọ̀mù. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Bí wọn kò bá dá mi lóhùn, n kì í fọwọ́ kàn án.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Mojísọ́lá pè mí lórí fóònù. Ó ní ọkọ̀ àwọn dókítà ìjọba tó máa ń wá lọ́dọọdún, tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sì ń tẹ àwọn èèyàn lọ́rùn wò, kò ní wá mọ́. Wọ́n fẹ́ ṣe ìpàdé ìkẹyìn ní Òde-Màhín, kí àwọn ẹbí tí ọ̀rọ̀ náà kàn fọwọ́ sí i pé ó ti tán. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ilé mẹ́ta péré ló wà nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, àwọn tó sì ń jáde wá fún àyẹ̀wò kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ fi epo sínú ọkọ̀. Mo bi Mojísọ́lá pé kí ni ẹbí wá sọ. Ó ní ẹbí ti gbà.

Nítorí àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Iléeṣẹ́ epo kan parí iṣẹ́, ó sì fi ọkọ̀ pẹrẹsẹ rẹ̀ sílẹ̀ lójú òkun. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ìjì fọ́ ọ, ohun inú rẹ̀ sì ń gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀: pákó, okùn, àgbá ṣófo. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan a rí ìkòkò irin kan tó rì sínú iyanrìn. Kò ga ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin mẹ́rin kò lè gbé e. Àmì kan wà lára rẹ̀ tí omi iyọ̀ ti họ tán. Ọmọ́niyì fi ọ̀bẹ ha á, ó sì pariwo pé òjé ni. Inú gbogbo wa dùn.

Ẹni tó bá ń fi àwọ̀n pẹja yóò mọ ìdí rẹ̀. Àwọ̀n tí kò ní òjé nísàlẹ̀, aṣọ lásán ni lójú omi, òjé sì wọ́n. Ẹ sì mọ òfin wa: ohun tí òkun bá bì, gbogbo ọwọ́ tó kan okùn tí a fi fà á ló ní ìpín, ilé opó tí kò ní ẹni tí yóò bá a fà náà sì ní tirẹ̀. A kì í dá a jẹ. Òfin rere ni, òun ni bàbá wa fi tọ́ wa. Ṣùgbọ́n òfin yẹn náà ló gbé ikú kiri láti ilé dé ilé lọ́jọ́ náà, bí ẹni ń pín ẹran ọdún.

A fi owú, òòlù ńlá àwọn alágbẹ̀dẹ, fọ́ ọ. Àwọn ọmọdé ń ṣa ẹ̀rúnrún rẹ̀ nínú iyanrìn. Ní àárín rẹ̀ lọ́hùn-ún a bá irin kékeré kan tó gùn tó ìka, tó ń dán. Owú ti bà á, ó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò yọ́ nínú iná, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ẹ, ni Ìbídùn bá mú un. Ó rán an mọ́ etí ìró rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà máa ká a sókè nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń gbé e lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá. Àwọn obìnrin ń fi í rẹ́rìn-ín pé ẹ wá wo Ìyá Mojí, ó ti ní ìdákọ̀ró bí ọkọ̀ ńlá. Ó ní ó sàn kí òun ní ìdákọ̀ró ju kí gbogbo èbúté máa wo itan òun lọ.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Ó di egbò tí kò gbọ́ oògùn. Ó ń bì. Irun rẹ̀ ń já sọ́wọ́ mi bí mo bá gbé orí rẹ̀ sókè kó lè mumi. Tósìn wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ọmọ ilé-ìwé tó wá lo ìsinmi. Òun ló ń fi omi gbígbóná jó egbò náà fún ìyá àgbà rẹ̀. Òun ló ń fọ ìró náà, pẹ̀lú irin tó wà létí rẹ̀. Mo tún un sọ kí ó yé gbogbo ẹni tó ń gbọ́: Tósìn ló ń fọ ìró náà.

Ìgbà tí a fi gbé Ìbídùn dé ilé ìwòsàn ńlá ni dókítà kan tó ṣe sùúrù jókòó tì mí. Ó ní iná kan wà tí kì í mú igi jó, tí ojú kò rí, tí imú kò gbóòórùn rẹ̀. Ìtànṣán ni wọ́n ń pè é. Irin kékeré yẹn ló ń tú u jáde, òun ni àwọn oníṣẹ́ epo fi ń wo inú ilẹ̀. Wọ́n fi òjé ṣe ilé fún un nítorí pé òjé kì í jẹ́ kó jáde. Àwa sì fọ́ ilé rẹ̀. Ó ní ohun tó wà nínú irin náà dà bí iyọ̀, pé nígbà tó sán, iyọ̀ náà lẹ̀ mọ́ òjé, mọ́ ọwọ́, mọ́ aṣọ, àti pé ibi tó bá dà sí, yóò wà níbẹ̀ títí ọmọ tí a bí lónìí yóò fi darúgbó.

Ìbídùn kú. Wọn kò jẹ́ kí a wẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé e sínú pósí irin, wọ́n rọ kọnkéré lé e lórí níbi tí kò sí ẹbí rẹ̀ kankan. Àwọn èèyàn tó wọ aṣọ funfun bo ojú bo imú wá sí abúlé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń dún ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́ bí akàn tó ń rìn lórí ewé gbígbẹ. Wọ́n wó ilé mi, wọ́n sì kó iyanrìn abẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n pe gbogbo wa jọ, wọ́n béèrè àwọn tó gba nínú òjé náà.

Ẹ rántí bí gbogbo ibẹ̀ ṣe dákẹ́. Àwọn oníbàárà ẹja ti ń sá fún wa tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ń da ẹja abúlé wa padà sínú ọkọ̀ ní èbúté, wọ́n ní ẹja wa ń tàn nínú òkùnkùn, irọ́ ńlá. Ilé mẹ́ta tí ẹ̀rọ náà ké nínú wọn níwájú gbogbo èèyàn ni wọ́n kọ sílẹ̀. Àwọn yòókù ti ju ìpín wọn sínú odò kí wọ́n tó dé, àwọn mìíràn sì fi í sílẹ̀ lára àwọ̀n, àwọ̀n náà sì wà lójú omi. Mo dìde láti sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fà mí jókòó, ẹ sọ fún àwọn ìjọba pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Wọ́n béèrè ọmọdé tó wà nílé mi. Ẹ ní kò sí, pé Tósìn wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé n kò lè bá yín gbé mọ́. Bí mo ṣe di ará Kọ̀tọ̀nù nìyẹn, àwọn tí wọ́n sọ pé mo wá owó lọ kò mọ̀dí ọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo pè yín lánàá, ẹ sì fi èébú yó mi. Ẹ ní èmi tí mo sá lọ máa jẹ ẹja Kọ̀tọ̀nù ni mo fẹ́ wá ba ti ilé jẹ́. Ẹ ní ta ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹ ní àwọn ẹbí tó fẹ́ fẹ́ Tósìn ní Etíkan ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ òjé, wọn yóò gbé e padà. N kò bá yín jà, nítorí mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ náà ló ń mú yín sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, ẹ̀yin lẹ tọ́ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi. Dókítà yẹn sọ fún mi pé kì í ràn bí ikọ́. Ẹni tó bá bọ Tósìn lọ́wọ́ kò lè kó o. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó kàn ni yóò ṣàìsàn, àti pé ọ̀pọ̀ yóò gbó, wọn yóò tọ́. Àmọ́ àìsàn tó bá fẹ́ jáde lè fi ọ̀pọ̀ ọdún lúgọ kó tó yọjú, bí a bá tètè rí i, oògùn lè ràn án. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi yẹ kí wọ́n máa wò wọ́n títí dọjọ́ ogbó. Màmá Ẹ̀mílì ní òun gbọ́ lórí rédíò pé ní ilẹ̀ òkèèrè níbi tí iléeṣẹ́ iná irú èyí ti bàjẹ́ nígbà kan, wọ́n ṣì ń yẹ àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà wò. Kí ló dé tí tiwa yóò fi tán nítorí ìtìjú?

Mo ní ọ̀rọ̀ fún ìjọba náà, nítorí wọn yóò ka èyí. Ẹni tó so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ ló yẹ kó mọ̀ pé ó ti já. Ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀ sọnù lójú òkun, kò sì sí ẹni tó wá a, kò sí ẹni tó gun ọkọ̀ wá sọ fún wa pé bí ẹ bá rí ìkòkò báyìí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Iléeṣẹ́ náà ti yí orúkọ padà, wọ́n ní ẹni tí à ń wá kò sí mọ́. Bí orúkọ iléeṣẹ́ bá lè kú, àwọn tó fún un láṣẹ wà láàyè. Ẹ sọ fún wa iye irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ tó wà lórí omi wa lónìí. Kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ yín padà wá, kí ẹ yẹ odò àti àwọ̀n wò. Ilé mẹ́ta kọ́.

Ohun tí n kò tíì sọ fún yín, Ẹ̀gbọ́n mi, nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó kí ẹ tó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ tán lánàá, mo ní kí Màmá Ẹ̀mílì bá mi pe bàbá ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Tósìn ní Etíkan. Mojísọ́lá ló fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀, bó bá dun yín, èmi ni kí ẹ bínú sí. Mo kí ọkùnrin náà tán, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní ọmọ tí ẹ fẹ́ fẹ́ yìí, ọwọ́ rẹ̀ ló fi fọ ìró tí irin náà wà létí rẹ̀, wọn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò rí, ẹ̀yin sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀.

Kò sọ ti ìgbéyàwó rárá. Ó bi mí pé ìgbà wo ni a fọ́ ìkòkò yẹn. Mo sọ ọ́ fún un. Ó tún bi mí bóyá a ta nínú àwọ̀n tí a so òjé náà mọ́. Ó ní òun ra àwọ̀n kan lọ́wọ́ ará abúlé wa lásìkò náà. Òun àti àwọn ọmọ òun ti ń fi í pẹja láti ìgbà náà wá. Àwọ̀n náà ni ọkọ Tósìn máa ń gbé lé èjìká wálé.

Ṣé ẹ rí i? Àwọn tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún, ó ti wà nínú ilé wọn. Ọkùnrin náà ní òun yóò ká àwọ̀n náà jọ, òun yóò gbé e jìnnà sí ilé, kò sì ní sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án títí ẹ̀rọ yóò fi dé. Ó ní òun yóò wá sí ìpàdé Òde-Màhín. Mo bi í nípa Tósìn. Ó ní kí n má bi òun ní ìbéèrè òmùgọ̀, pé ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í bi àna rẹ̀ pé kí ló dé tí èéfín fi ń rùn lára rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ méjèèjì yóò jọ lọ fún àyẹ̀wò, wọn yóò sì jọ gbọ́ èsì. Màmá Ẹ̀mílì ló gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Torí náà, ẹbí kò gbà. Ẹni tó bá lọ sọ pé a gbà, kó mọ̀ pé ẹnu ara rẹ̀ ló fi gbà. Ọmọ́niyì, ìwọ lo gbé òṣùwọ̀n lọ́jọ́ tí a pín in, o mọ gbogbo ilé tó gba tirẹ̀. O mọ̀ ọ́n sórí. Bóo bá ń tijú, sọ ọ́ sí etí Ìyá Délé, ẹ̀gbọ́n wa, kí wọ́n sọ ọ́ síta. Ẹni tó ju tirẹ̀ sínú odò, kó lọ fi ìka han wọn níbi tó jù ú sí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń lúwẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tí a fẹ́ bá wí. Ìpín ni a gbà, a kò jalè.

Ẹ bá mi kí wòlíì àti gbogbo ìjọ. Ẹ bá mi kí àwọn aládùúgbò, títí kan àwọn tó sọ mí ní Bàbá Olójé. Ẹ bá mi kí àwọn àna wa ní Etíkan. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó fi ọwọ́ yín gbé ọmọ Tósìn jó. Òkun kò ní gba ilé lọ́wọ́ yín. Àwọ̀n yín kò ní fà lásán. Èmi ni tiyín, àbúrò yín, ọmọ ilé yín.

Mojísọ́lá, ọ̀rọ̀ náà di tìrẹ. Mo ti gbó, ọkọ̀ kò sì ní gbé mi dé Òde-Màhín kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ni kí o jókòó sí àyè mi láàárín àwọn ọkùnrin. Bí wọ́n bá ní kí obìnrin dúró sẹ́yìn, sọ fún wọn pé ìwọ ni àkọ́bí Ìbídùn, kí o sì jókòó. Má sunkún níwájú wọn kí o tó sọ̀rọ̀ tán. Orúkọ ọmọ tìrẹ ni kí o kọ́kọ́ dá. Bí o bá ti dá a, kò ní sí ìyá mìíràn nínú ilé náà tí yóò lè fi tirẹ̀ pamọ́.